Ọmọ tó ń sáré kò lè fi omi ọbẹ̀ nìkan sáré



Ọmọbìnrin kan wà ní Kambolé, ọmọ ọdún 15 ni. Ó mọ eré sá gan-an. Láti ilé dé oko bàbá rẹ̀, kò sí ọmọkùnrin tó lè bá a. Ó ń múra láti lọ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn sáré ní Sokodé. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, èémí rẹ̀ ń já, òòyì ń kọ́ ọ. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn ní ayé ló dì í lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní kí ó túbọ̀ máa sáré. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí rò pé ó lóyún ni. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Tchamba. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ìwé jẹ́ 9. Ó yẹ kí ti ọmọbìnrin bíi tirẹ̀ tó 12, ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Kí ló fà á? Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú lọ sí ẹsẹ̀. Irin inú ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí ó lè gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni, irin, bíi ti ọkọ́ àti àdá, ṣùgbọ́n bíńtín ni. Ọmọbìnrin ń pàdánù rẹ̀ lóṣooṣù nígbà nǹkan oṣù. Ẹni tó ń sáré ọ̀nà jíjìn ń pàdánù díẹ̀ sí i. Ibà ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Aràn kan sì wà nínú ilẹ̀ tútù, tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Ọmọ yìí kò ní bàtà.

Ṣùgbọ́n inú àwo oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nílé wa, ta ló ń jẹ ẹran? Bàbá ni, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin àgbà. Ọmọbìnrin tó pọn omi láàárọ̀, tó ṣẹ́ igi, tó gún iyán, omi ọbẹ̀ ló ń kàn án. Lẹ́yìn náà a ní kí ó lọ sáré! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn bàbá kan nínú. N kò ní kí ọmọ fa àwo gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mo ní kí bàbá fúnra rẹ̀ mú ẹran kan, kí ó fi sínú àwo ọmọ. Irin inú ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹja ń wọ ara ju ti ewé àti ẹ̀wà lọ. Bí kò bá sí ẹran, kí ó jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí ó fi ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tẹ̀lé e, nítorí èso wọ̀nyí ń ran irin lọ́wọ́. Tíì ń dí i lọ́nà. Kí ó má mu ún ti oúnjẹ; kí ó dúró tó wákàtí kan tàbí méjì.

Fún ẹni tó ní 9, oúnjẹ nìkan kò tó. Dókítà fún un ní oògùn irin fún oṣù 3. Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú. Ẹ má bẹ̀rù, oògùn ló fà á. Ẹ má ra á lọ́jà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà tí irin kì í wò. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé, ó lè pa wọ́n.

Dókítà ní kí ó máa rìn, kí ó má sáré púpọ̀. Ìyá rẹ̀ sì pín omi pípọn fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n kùn.

Ẹ má rò pé eré rẹ̀ ti parí. Paula Radcliffe, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ikọ́ fée. Ní ọdún 2003, ó sá kìlómítà 42 àti díẹ̀ ní London ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15. Ó di ọdún 2019 kí obìnrin mìíràn tó sá a kíá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ wa kò lọ sí Sokodé lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ti di 11. Bàbá rẹ̀ ti ra bàtà fún un.