Kótà òdo: ẹ dúró ná kí ẹ tó gbé orúkọ àwọn àgbẹ̀ wa lọ sókè òkun

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́níyà. Lọ́jọ́ Àìkú kan, àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà pè mí lórí fóònù. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Nǹkan yìí ní kótà mi ò gbé e, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì lo nǹkan kan!"

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan lágbègbè Akínyẹlé ló gbéṣẹ́ fún un. Wọ́n fẹ́ áàpù tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn: ta ló dáwó, ta ló jẹ gbèsè, àpò gàrí mélòó ló jáde. Ìwé tí akọ̀wé wọn ń lò tẹ́lẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, torí omi òjò pa ojú ewé méjì rẹ́. Ìpàdé ku ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá alága sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, bí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé, ìwé wa la máa padà sí o."

Àbúrò mi fẹ́ gbé database náà sórí cloud, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé iṣẹ́ kan ń tọ́jú, tí àwa ń háyà. Ó mú ẹkùn South Africa, torí ó rò pé òun ló sún mọ́ wa jù. Ó tẹ bọ́tìnì, èsì tó jáde ni pé: ohun tó bèèrè, méjì, kótà rẹ̀ ní ẹkùn náà, òdo.

Ó ní, "Mo kàn máa yí i sí Amẹ́ríkà ni. Ibẹ̀ ń gbà." Mo ní kó dúró ná. Ìdí tí mo fi ní kó dúró ni mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ kótà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti ṣe JAMB rí mọ̀ ọ́n: máàkì rẹ lè dáa, kí wọ́n sì ní àyè ìpínlẹ̀ rẹ ti kún. Abala 14(3) nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló ní kí àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ má dá ìjọba àpapọ̀ gbà mọ́wọ́. A lè fẹ́ràn ẹ̀, a lè kórìíra ẹ̀, ó kéré tán a mọ àwọn aṣòfin tí a máa bá jà. Kótà ti cloud ńkọ́? Inú àdéhùn tí a tẹ "mo gbà" sí láìkà ló wà.

Síbẹ̀, ká má tètè pariwo pé wọ́n ń fìyà jẹ wá torí pé ọmọ Nàìjíríà ni wá. Gbogbo àkáǹtì ló ní ìdíwọ̀n, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Àkáǹtì tuntun, pàápàá èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni tirẹ̀ máa ń kéré jù. Àwọn gbájúẹ̀ tó ń fi káàdì olókàádì háyà kọ̀ǹpútà wà lára ohun tó fà á. Ó tún ń gba ẹni tí kò mọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè dọ́là tó lè pa á lẹ́kún.

Àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ni pé wọn kì í ka ohun tí ẹ̀rọ kọ tán. Bó bá ní kótà, àkáǹtì rẹ ni wọ́n fún ní ìdíwọ̀n. Bó bá ní àyè ò sí, ẹkùn fúnra rẹ̀ ló kún, ẹ̀bẹ̀ kótà ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Bó bá sì ní irú ẹ̀rọ yẹn kò sí níbẹ̀, mú irú mìíràn. Tó bá jẹ́ kótà lóòótọ́, lọ wo ojú ìwé kótà ẹkùn yẹn. Pa database ìdánrawò tó o ti gbàgbé rẹ́. Mú ẹ̀rọ tó kéré sí i. Kúrò lórí àkáǹtì ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé béèrè àfikún, kó o sì sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó yá lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni "yí ẹkùn padà." Ibẹ̀ gan-an ni agbẹjọ́rò inú mi ti jí. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní June 2023 kò ní kí dátà má kúrò nílé o. Ohun tí abala 41 sí 43 ń sọ ni pé kó o ní ìdí tó bófin mu: bóyá ìdáàbòbò tó péye wà fún un níbi tó ń lọ, tàbí onídàátà fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó o ti ṣàlàyé ewu ibẹ̀ fún un, tàbí ìdí mìíràn tí òfin kà sílẹ̀. O sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí yẹn sílẹ̀. "Kótà mi ò gbé e" kò sí lára wọn.

Ẹnìkan á ní, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lásán, kí lẹ fẹ́ fi òfin ṣe? Ẹ rántí àwọn áàpù ayánilówó tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú ti onígbèsè lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè ni wọ́n fi ṣe é. Ohun mẹ́ta yẹn náà ló wà nínú database ẹgbẹ́ yìí.

Òótọ́ ni pé South Africa náà kì í ṣe ilé wa. Ibẹ̀ ni Microsoft kọ́kọ́ ṣí ẹkùn cloud sí nílẹ̀ Áfíríkà ní 2019, Amazon ní 2020, Google ní 2024. Èkó rí ẹ̀ka kékeré kan gbà lọ́wọ́ Amazon ní 2023. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ gàrí Mọ́níyà gbọ́dọ̀ gba abẹ́ òkun kọjá kó tó padà sí fóònù ẹni tó wà ní Mọ́níyà. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní March 14, 2024, a rí bí báńkì àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣe dà.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Kí àwọn ilé iṣẹ́ cloud fi kótà ẹkùn kọ̀ọ̀kan hàn wá kí a tó forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ ilé tán. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀, láti Lágelú dé Ọ̀nà-Àrà, máa háyà àyè lọ́dọ̀ àwọn ilé ìkódátà tó wà nílé, kí owó wọn lè dínkù fún ọmọ kékeré náà. Kí ẹ̀yin tó ń kọ áàpù sì béèrè ibi tí dátà máa sùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́.

Èsì kótà àbúrò mi kò tètè dé. Orí laptop rẹ̀ ló ti fi áàpù náà hàn wọ́n lọ́jọ́ ìpàdé, ó sì ṣàlàyé fún wọn lédè Yorùbá pé South Africa ni orúkọ wọn máa wà. Ìyá àgbà kan nawọ́: "Ọmọ mi, ṣé gbèsè mi náà máa bá wọn lọ síbẹ̀?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó sì sọ àwọn tó lè rí i. Ìyá ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun. Ọjọ́ kejì ni kótà wọlé.