Ẹ Má Fá Orí Lẹ́yìn Olórí Mọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí láyè kí n bínú díẹ̀ lóṣù yìí. Yorùbá ló ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àwa kan náà la tún wá jókòó, tí à ń fá orí àwọn ọmọ wa tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, olórí wà lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó pè é.

Mo dé ibi ìpàdé kan ní Ibefun, lọ́dọ̀ àwa Ìjẹ̀bú, tí wọ́n pè nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Kí ni ká ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀, àwọn tí oògùn olóró ti yí lórí, àwọn tó ń dá sọ̀rọ̀, àwọn tó ń sọ pé ayé sú wọn? Àwọn tó pe ìpàdé náà ṣe dáadáa, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì! Pásítọ̀, ààfáà, olóṣèlú méjì, nọ́ọ̀sì àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ìyálọ́jà. Nínú gbogbo wọn, n kò rí ẹni tó jọ pé kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? Wọ́n kúkú wà níbẹ̀. Àwọn ló to àga. Àwọn ló pín omi inú ọ̀rá àti mítípáì.

Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tó ń pín omi yẹn, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ó ti gba ìtọ́jú ọpọlọ rí, ó ti sùn sí ọsibítù, ó ti padà sílé, ó sì ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán báyìí. Nígbà tí ìpàdé tú, mo bi í pé, "Àbúrò mi, kí lo rí sí gbogbo ohun tí wọ́n sọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oorun."

Oorun kẹ̀? Ó ní nígbà tí òun ṣì wà nílé ìwé, oògùn tí wọ́n fún òun a máa mú òun sùn nínú kíláàsì, tíṣà a sì máa na òun pé ọ̀lẹ ni òun. Kò sẹ́ni tó sọ fún òun ní ọsibítù pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun kò mọ̀ pé èèyàn lè padà lọ sọ fún dókítà kó bá òun yí i. Òun kàn dá oògùn náà dúró ni. Ni àìsàn bá tún gbérí. Ó ní bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ní kí òun jókòó sí pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ẹ̀rù bẹ́ǹṣì yẹn sì ń ba òun ju àìsàn náà lọ. Ó ní obìnrin tó ń kọ káàdì a máa fi ohùn ariwo pe orúkọ òun láti ojú fèrèsé, àfi lọ́jọ́ kan tí òun wo ẹ̀yìn, tí òun rí ará àdúgbò òun.

Ẹ gbọ́ ná. Wákàtí mẹ́ta gbáko la fi jókòó nínú gbọ̀ngàn. Ohun tí ọmọ yìí bá mi sọ níwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà omi wúlò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ta ló sì gbé makirofóònù fún un?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú rí, ṣé òun ni yóò wá kọ́ dókítà níṣẹ́?" Rárá o. Agbẹ̀bí ló mọ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé níbo ló ti ń dùn ọ́, ta ló ń dáhùn? Ṣé ìyálọ́jà ni? Àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ohun tí í wà lára èèyàn tọ̀sán-tòru títí ayé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbádùn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń gbé àárín wa. A kò dá wọn mọ̀ nítorí pé ìtìjú tí a dì lé wọn lórí kò jẹ́ kí wọ́n lanu. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ: òwe tiwa nìyẹn. Ta ni yóò gbọ́ irú òwe yẹn láti kékeré, tí yóò jáde sọ pé èmi rèé?

Síbẹ̀, àwọn kan ti jáde. Hauwa Ojeifo, tó dá ẹgbẹ́ She Writes Woman sílẹ̀ ní 2016, sọ ọ́ ní gbangba pé òun ní àìsàn ọpọlọ. Ní 2020, ó dúró níwájú àwọn aṣòfin wa ní Àbújá, ó sọ ojú òun rí fún wọn nígbà tí wọ́n ń jíròrò òfin ìlera ọpọlọ. Ọdún 2016 yẹn náà ni Victor Ugo, tí ìsoríkọ́ ti bá fínra nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, dá ẹgbẹ́ Mentally Aware Nigeria Initiative sílẹ̀. Orí àwọn wọ̀nyí dàrú bí?

Ẹ sì jẹ́ ká rántí òfin tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Òfin wèrè tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe ní 1916 ni, tí wọ́n tún tò sínú ìwé òfin ní 1958. Títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun, òun la ń lò. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, "wèrè" ni ìwé ìjọba ń pe ọmọ wa.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìpínlẹ̀ Ògùn yìí ló yẹ kó ṣáájú. Nílẹ̀ wa níbí, ní Aro l'Abẹ́òkúta, ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí gbogbo ayé wá wò ní 1954. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí àwọn àti ẹbí wọn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó pe ẹbí, ó pe onílé, ó pe adáhunṣe, ó ní gbogbo wọn ló mọ ohun kan tí dókítà kò mọ̀. Àwọn kan bú u nígbà yẹn pé ó ń ṣe oògùn ìbílẹ̀ mọ́ ti òyìnbó. Àmọ́ nígbà tó yá, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í ṣe igbákejì olórí àgbà wọn. Ìgbésẹ̀ kan péré ni mo ń béèrè sí ti Lambo: ẹ pe ọmọ náà fúnra rẹ̀ jókòó.

Kì í ṣe ojú rere ni mo ń tọrọ. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí pátápátá ní 2010, sọ ọ́ gbangba pé ìjọba gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀rọ̀ tó kàn wọ́n lọ̀ wọ́n, ó sì dárúkọ àwọn ọmọdé mọ́ ọn. Ní Ọsirélíà, àwọn ilé ìtọ́jú headspace tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní 2006 ní ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Níbí ńkọ́? Láàárín 2018 sí 2019, Human Rights Watch lọ sí ibi ìtọ́jú 28 káàkiri Nàìjíríà, wọ́n bá èèyàn lórí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ọmọdé wà nínú wọn. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀? Wọ́n bi àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni. Èyí tí ará ibòmíràn wá béèrè, ẹnu wa wúwo láti béèrè rẹ̀.

Wọ́n á ní ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú? Ìjẹ̀bú tó ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́! Ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà Ojúde Ọba, ṣé àwọn àgbà nìkan ló ń wá kí Awùjalẹ̀? Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wọ aṣọ tirẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó ń fẹnu ara rẹ̀ kí ọba. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀ níbi aṣọ àti ẹṣin, ó wá di èèwọ̀ níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé nǹkan bí ìdajì àìsàn ọpọlọ ló ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọmọ ọdún 14.

Ẹ má sì ṣì mí gbọ́. Ẹ̀rí jíjẹ́ kọ́ ni mo ń wí, irú èyí tí wọ́n máa ń fa ọmọ jáde níwájú ìjọ pé kó sọ bí ó ṣe ya wèrè tó, kí àwọn èèyàn lè pa àtẹ́wọ́. Ìyẹn ìwọ̀sí ni. Ohun tí mo ń wí ni pé kí wọ́n jókòó nígbà tí ẹ bá ń pinnu aago tí ilé ìtọ́jú yóò ṣí àti bẹ́ǹṣì tí wọn yóò jókòó sí, kí wọ́n ka ìwé náà kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹ má pe ẹyọ ẹnì kan, nítorí àgbà mẹ́wàá yóò fi ojú pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ pe mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò òun, ẹ má ya á. Ẹni tó bá ní òun kò lè wá lónìí nítorí pé ara òun kò yá, ẹ má gba àga rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ náà wà ńlẹ̀. Láti Ibefun dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí a tó gba Ṣàgámù lọ sí Abẹ́òkúta, owó ni. Àwọn olóṣèlú gba àpòówé tiwọn lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, mo fi ojú mi rí i. Ẹ di ti àwọn ọmọ yìí náà sínú àpòówé, kí ẹ sì fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé.