Ẹ Yẹ Oríkèé Ẹ̀gbà Náà Wò

Ìṣó tí alágbẹ̀dẹ fi ń kan bàtà irin mọ́ pátákò ẹṣin kì í ṣe irú èyí tí káfíńtà ń lò. Ó rí pẹlẹbẹ, ó gùn, wọ́n sì gé ṣóńṣó rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó lè yà síta lára pátákò, kí ó má baà wọ ẹran ara ẹṣin. Ó tún rọ̀, torí alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ lè tẹ ṣóńṣó náà mọ́ pátákò. Rírọ̀ yìí ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà rí tí wọ́n fi ń fi ẹmú tẹ̀ ẹ́ di òrùka, tí wọ́n ń to mẹ́rin pọ̀ di àgbélébùú, tí wọ́n ń so ó kọ́ ọrùn.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ní irin kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, pé wúrà àti fàdákà ló yẹ ara. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Àwọn ọmọ Ògún ti ń fi ẹ̀gbà irin sọ́wọ́ kí a tó bí wa, bàtà ẹṣin sì wà lára irin tí àwọn olórìṣà ní Kúbà ń kó sínú ìkòkò Ògún títí di òní.

Oríkèé ló ń bà mí lẹ́rù. Irin kì í yọ́ bí ooru kò bá tó nǹkan bí 1,500 lórí ìwọ̀n Celsius, nítorí náà ohun tó tètè ń yọ́ ni wọ́n fi ń so ìṣó pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ni ohun tí wọ́n ń pè ní lẹ́ẹ̀dì, tó jẹ́ tíìnì 60, òjé 40, nínú 100. Kò tó 200 tó fi ń yọ́, ó sì ń dán bíi fàdákà. Ṣùgbọ́n májèlé ni òjé. Àgbà tó fi kọ́rùn lè má rí nǹkan kan; ọmọ tó wà láyà ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ẹnu ló ń gbé e lọ.

Ní 2006, ọmọ ọdún 4 kan ní Minnesota gbé ohun ọ̀ṣọ́ kékeré kan mì, ó sì kú. Ìdá 99 nínú 100 ohun ọ̀ṣọ́ náà ló jẹ́ òjé. Ní 2008 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ká òjé lọ́wọ́ kò nínú ohun èlò ọmọdé. Àwa náà kúkú mọ oró rẹ̀: ní Zamfara, ní 2010, òjé inú eruku òkúta góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400.

Bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀dì tí kò ní òjé wà lọ́jà: tíìnì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú fàdákà àti bàbà díẹ̀, nǹkan bí 220 ló sì ti ń yọ́. Kí oníṣẹ́ fi sáńpépà ha ìṣó títí yóò fi dán, kí ó fi flux (èròjà tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì lẹ̀) tó wà fún irin pa á, torí ti rédíò kì í ràn án. Ìṣó ni kí ó gbé iná sí. Bí ìṣó bá gbóná tó, lẹ́ẹ̀dì á fúnra rẹ̀ ṣàn wọ àárín. Kí ó wá fọ flux náà kúrò dáadáa, nítorí ásíìdì inú rẹ̀ á mú kí irin dípẹtà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń fi ìṣó tàbí irin àlòkù ṣe ẹ̀gbà tà, ẹ máa sọ ohun tí ẹ fi jó o fún oníbàárà. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè. Bí òǹtajà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má rà á fún ọmọdé.