Ta Ni Ó Jókòó Sí Àga Iwájú Níbi Àdúrà Ìṣọ̀kan?

Láti ìgbà tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì 1999, agbára káká ni alẹ́ kan fi ń kọjá ní Sabon Gari tí ohùn àdúrà kò ní ta láti ọgbà ilé ìjọsìn kan sí òmíràn. Ìdí àdúrà náà kò fara sin. Nígbà náà, ìbò ààrẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba ológun ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ẹ̀rù sì ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí Nàìjíríà má tún fọ́ mọ́ àwọn tí kò sí ní ilé baba wọn lórí. Àwọn Kristẹni péjọ, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ Ọlọ́run pé kí orílẹ̀-èdè yìí wà ní ọ̀kan. Ta ni yóò bínú sí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò kan ẹ̀bẹ̀. Àga ni ó kàn.

Àga onírọ̀rí ni wọ́n máa ń tò sí iwájú pápá àdúrà. Àwọn ìyá tó ti dúró láti òwúrọ̀ nínú ọjà jókòó sórí bẹ́ńṣì, àwọn ọ̀dọ́ fara ti ògiri, àga wọ̀nyẹn sì ṣófo títí orin ìyìn yóò fi dé ìdajì. Nígbà náà ni ọkọ̀ yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Olùdíje tàbí aṣojú rẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ́ ènìyàn, olùdarí ètò yóò dá orin dúró, yóò sì máa ka oyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ìpàdé tó parí, gbohùngbohùn yóò ti bọ́ sí ọwọ́ àlejò náà kí ó "fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ìjọ". Ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà kì í kéré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpòòwé yóò wà lórí tábìlì, wọn yóò sì ní kí gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí i, kí wọ́n súre fún un. Ẹni tó kúrò nílé láti gbàdúrà fún Nàìjíríà yóò wá rí i pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni òun ń na ọwọ́ sí.

Àwọn kan ní kò séwu nínú èyí lọ́dún náà. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti ẹgbẹ́ PDP àti Olú Fálaè, ẹni tí AD àti APP jọ fà kalẹ̀, ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, Kristẹni sì ni wọ́n. Èyíkéyìí tó bá wọlé nínú wọn, wọ́n ní, àdúrà ti gbà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò wo ẹ̀gbẹ́ àwọn olùdíje náà ni èyí. Àtíkù Abubakar ni igbákejì tí Ọbásanjọ́ mú, Umaru Shinkafi ni ti Fálaè. Mùsùlùmí ará Àríwá sì ni àwọn náà. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń wá ipò ààrẹ nígbà náà ti mọ̀ dájú pé ẹ̀sìn kan ṣoṣo kò lè gbé ènìyàn dé Abuja. Àwọn tó ń polongo fún wọn nínú pápá àdúrà nìkan ni kò tíì mọ̀.

Ẹ̀rí ìṣọ̀kan tí Kánò ní kò jìnnà nígbà náà, ọdún mẹ́fà kò tíì pé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, M. K. O. Abíọ́lá, Mùsùlùmí ọmọ Abẹ́òkúta, bá Bashir Tofa díje, Kánò gan-an sì ni ilé Tofa. Abíọ́lá ní ìbò 169,619 ní ìpínlẹ̀ Kánò, Tofa ní 154,809. Àwọn aṣáájú ìjọ kan ti ráhùn nígbà náà pé Mùsùlùmí ni Abíọ́lá, Mùsùlùmí sì ni Babagana Kingibe tí ó mú ṣe igbákejì. Síbẹ̀ àìmọye Kristẹni káàkiri Nàìjíríà tẹ̀ka fún wọn. Hausa dìbò fún Yorùbá ní ìlú Hausa, ó fi ọmọ ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ológun ló fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Abíọ́lá sì kú sí àhámọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998. Ohun tí àwọn ènìyàn ṣe lọ́jọ́ náà kò ṣeé fagi lé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá àdúrà ìṣọ̀kan tó gbà rí, kí ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ibẹ̀.

Sabon Gari kò nílò olùkọ́ lórí ohun tí ìpàdé gbangba lè dá sílẹ̀ bí òṣèlú àti ẹ̀sìn bá dàpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro dá a lábàá ní ilé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, tí S. L. Akíntọ́lá àti ikọ̀ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fẹ́ ṣe ìpàdé wọn ní Kánò, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi pa ara wọn. Ìjọba ka òkú 36. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1982, àtúnkọ́ Christ Church ní Fagge di ìjà, iná sì ran àwọn ilé ìjọsìn mìíràn. Ṣùgbọ́n ti 1991 ni ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò àdúrà rántí jù lọ, nítorí àwọn tó rí i ṣì wà láàyè nígbà náà, àwọn míì nínú wọn sì wà nínú ìgbìmọ̀ ètò.

Oníwàásù ará Jámánì nì, Reinhard Bonnke, ni wọ́n pè. Pósítà kún ògiri, ọkọ̀ agbóhùn-sáfẹ́fẹ́ sì ń kiri ìlú. Àwọn Mùsùlùmí ń ráhùn pé ìjọba kò jẹ́ kí Ahmed Deedat, oníwàásù tiwọn láti Gúúsù Áfíríkà, wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́ péjọ sí yídì Kofar Mata, ohun tó tẹ̀lé e kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ẹ̀bi ẹni tó dáná sun ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, ọrùn rẹ̀ ni ó wà, kì í ṣe ọrùn ẹni tó ń wàásù. Èyí kò yí padà láéláé. Ṣùgbọ́n oníwàásù náà bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ará Sabon Gari ni ó kù láti gbá eérú.

Àwọn kan yóò gba ibẹ̀ sọ pé kí Kristẹni má ṣe péjọ ní gbangba mọ́ ní Kánò rárá. Rárá o. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979, ní abala 35, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sin Ọlọ́run rẹ̀, ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Ẹni tó bá fi ẹ̀tọ́ yẹn sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù yóò fi òmíràn sílẹ̀ lọ́la. Ẹ̀tọ́ náà kò sì ní kí wọ́n fún olùdíje ní gbohùngbohùn.

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé Yorùbá ní àdúgbò yìí, ẹ̀gbọ́n jẹ́ Onítẹ̀bọmi, àbúrò ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ìwó: bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn. Ẹran Iléyá ń kọjá láti yàrá kan sí èkejì, ìrẹsì Kérésìmesì ń padà bọ̀. Nígbà tí gbohùngbohùn bá ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún Nàìjíríà ní àlàáfíà, àbúrò lórí ẹní rẹ̀ yóò ṣe àmín. Nígbà tí ohùn kan náà bá kígbe pé kí Ọlọ́run gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn aláìgbàgbọ́, àmín náà yóò há sí i lọ́fun. Ààrin àmín méjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àdúrà ìṣọ̀kan tí ọmọ ìyá ẹni kò lè ṣe àmín sí, orúkọ mìíràn ni kí wọ́n fún un.

Wòlíì Jeremáyà kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní Bábílónì pé kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, kí wọ́n sì gbàdúrà fún un. (Kánò kì í ṣe Bábílónì, kò sí ẹni tó fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ mú Yorùbá wá. Ojú irin tó dé ní 1911 ni wọ́n tẹ̀lé, òwò ni wọ́n sì bá wá.) Ìlú náà lódindi ni Jeremáyà sọ, kò sọ pé àdúgbò àwọn àlejò nìkan. Nígbà tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá ètò Nigeria Prays sílẹ̀ ní 1996, ọ̀pọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ṣe olórí orílẹ̀-èdè la ogun oṣù 30 kọjá mọ ohun tí ìfọ́yángá ń ná ènìyàn. Kò jọ pé ó ń fi àdúrà ṣeré.

Nítorí náà, ohun tí àwọn ará ń béèrè nígbà náà lọ́wọ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn àti ẹgbẹ́ CAN ní Sabon Gari kò ṣòro. Kí olùdíje tó bá wá jókòó sórí bẹ́ńṣì láàrin ìjọ, kí ó sì panu mọ́. Kí àpòòwé rẹ̀ padà bá a lọ sílé. Kí ẹnu gbohùngbohùn kọjú sí inú ọgbà. Kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ìmáàmù Yorùbá ṣáájú, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ bẹ Ọlọ́run fún, kí àwọn náà lè bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀.

Ó ku ìṣọ́ òru tí àwọn ìjọ kan ń múra rẹ̀ nígbà náà fún alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kejì 1999. Láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣètò pé kí àyẹ̀wò káàdì ìbò bẹ̀rẹ̀, kí ó sì parí ní aago mọ́kànlá. Nínú ìbò ọdún náà, ẹni tí wọn kò bá fi orúkọ rẹ̀ hàn nínú ìwé láàrin àkókò yẹn kò ní dìbò nígbà tí àpótí bá ṣí ní aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹni tó gbàdúrà di àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò sùn kọjá gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó tò lórí ìlà nínú oòrùn oṣù Kẹwàá 1998 kí ó tó gba káàdì náà. Ó yẹ nígbà náà kí àwọn ìjọ parí ìṣọ́ òru ọjọ́ náà ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí wọ́n sì kéde ibi tí ibùdó ìdìbò òpópónà kọ̀ọ̀kan wà kí ìjọ tó túká.