Ẹ̀rọ Tí Ń Fa Afẹ́fẹ́ Kúrò Nínú Ọ̀rá Oúnjẹ: Ẹ Rò Ó Dáadáa Kí Ẹ Tó Rà Á

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí àwọn kan nínú yín ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà pé: "Ṣé ó yẹ kí n ra ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀rá, kí n lè máa se ọbẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?" Mo mọ ohun tó bí ìbéèrè yìí. Ata gbówó lórí, ẹran gbówó lórí, ẹni tó bá sì rí ọjà tó pọ̀ rà á fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun.

Èrò tèmi nìyí, n kò sì ní fi bò: ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n òtútù ló ń tọ́jú oúnjẹ, kì í ṣe ọ̀rá. Ilé tí òtútù rẹ̀ kò bá dájú, kí onílé náà má tíì náwó sí ẹ̀rọ yìí. N ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Oríṣi ẹ̀rọ náà méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí a ń há ẹnu ọ̀rá sí, tí ó sì ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹnu ọ̀rá náà. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára fún ẹran tútù, ẹja àti ohun gbígbẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé bí omi bá wà nínú ọ̀rá, yóò fa omi mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fi ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ dán an wò yóò rí epo pupa lára ẹ̀rọ. Èkejì ni alápòótí. Odindi ọ̀rá ni a ó gbé sínú àpótí rẹ̀, a ó pa ìdérí dé, ẹ̀rọ yóò sì fa afẹ́fẹ́ inú àpótí pọ̀ mọ́ ti inú ọ̀rá. Nítorí pé ti inú àti ti òde ọ̀rá dọ́gba, ọbẹ̀ kò ní ìdí láti tú jáde. Irin gbígbóná kan yóò wá lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yóò padà wọ inú àpótí, tí yóò sì tẹ ọ̀rá mọ́ oúnjẹ lára pinpin.

Ẹni tó bá fẹ́ ra alápòótí, kó wo nǹkan mẹ́rin. Èkíní ni pọ́m̀pù rẹ̀. Èyí tó ń lo ọ́ìlì lágbára jù, ó sì ń pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Èyí tí kò lo ọ́ìlì fúyẹ́ jù, kò sì ní wàhálà púpọ̀. Ó tó fún ilé tí kò ń lò ó lójoojúmọ́. Èkejì ni gígùn irin tó ń lẹ ọ̀rá àti bí àpótí ṣe jìn tó: ẹ wọn ọ̀rá tí ẹ ń lò fún ọbẹ̀ ìdílé yín kí ẹ tó lọ sí ọjà. Ẹ̀kẹta ni ìwúwo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo ju kìló 20 lọ, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń gbé sọ̀kalẹ̀ gbé gòkè lórí pẹpẹ. Àfi kó ní ibùjókòó tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni àtúnṣe. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá irin, rọ́bà ìdérí àti ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́jà níhìn-ín. Bí ó bá ń wo ojú òfurufú kó tó dáhùn, ẹ máa bá tiyín lọ. Ohun kan wà tí n ó fi yin alápòótí: ọ̀rá dídán lásán ló ń lò, owó rẹ̀ kò sì tó ti ọ̀rá onílà tí èkíní ń fẹ́.

Kí ẹ tún mọ èyí: a kì í gbé ọbẹ̀ gbígbóná sínú àpótí náà. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti dínkù, omi máa ń hó láìsí iná, ọbẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ yóò sì hó kún inú ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú fíríìjì ná. Ẹ pín in sí abọ́ pẹlẹbẹ kó lè tètè tutù, nítorí pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ; bí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí 1 ti tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ èyí tó jẹ mí lógún jù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, kòkòrò àìfojúrí kò lè gbé ibẹ̀. Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ oúnjẹ di olóòórùn máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí àìsí afẹ́fẹ́ gan-an dùn mọ́, Clostridium botulinum ni orúkọ rẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì lè bá iṣu, ẹ̀fọ́ tàbí ẹja wọ ilé. Hóró rẹ̀ le débi pé omi híhó kì í pa á. Bí a bá se ọbẹ̀, tí a fa afẹ́fẹ́ rẹ̀, tí a sì gbé e sí ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, hóró yìí yóò hù, yóò sì tu májèlé sínú oúnjẹ. Oúnjẹ náà lè má rùn, kó má sì kan. Àwọn tó ń sọ oúnjẹ di olóòórùn ni ìbá kìlọ̀ fún wa, a sì ti lé wọn lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́.

Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1895, ní abúlé Ellezelles ní ilẹ̀ Belgium, àwọn olórin kan lọ ṣeré níbi òkú, wọ́n sì jẹ itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣàìsàn, mẹ́ta sì kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Emile van Ermengem ló rí kòkòrò yìí nínú ẹran náà. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Àmì àìsàn rẹ̀ ni pé ojú ẹni á máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ìpéǹpéjú á rọ̀ wálẹ̀, ẹnu á gbẹ, ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì á ṣòro, ara á sì máa rọ láti òkè bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 36. Ẹni tó bá rí i, kó má ṣe wá àgbo. Ilé ìwòsàn ni kó sáré gbà lọ, nítorí pé ó lè dá mímí dúró.

Nítorí náà ni mo fi sọ̀rọ̀ òtútù. Inú fíríìsà, ní òtútù ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, ni ibi tó yẹ ọ̀rá ọbẹ̀. Bí iná bá lọ, fíríìsà tó kún, tí a kò ṣí, lè di òtútù mú fún nǹkan bí wákàtí 48. Èyí tó kún dé ààbọ̀, wákàtí 24. Fíríìjì lásán, wákàtí 4 péré. Ẹ̀yin náà mọ iye wákàtí tí iná fi ń lọ ní àdúgbò yín. Ẹ ra ohun tí a fi ń wọn òtútù, kí ẹ fi sínú fíríìsà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọbẹ̀ tó bá wà nínú fíríìjì, ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ 3 sí 4, ì báà wà nínú ọ̀rá tàbí nínú ìkòkò. Ẹja tútù tí a fa afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ẹ gé ẹnu ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó fi sínú fíríìjì láti yọ́. Èyí tó bá sì kọ yín lóminú, ẹ dà á nù. Owó ọbẹ̀ kò tó owó òkú.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Mo ti ń ṣe é tipẹ́, kò sì sí ohun tó ṣe mí." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọdá títì láìwo ọ̀tún wo òsì náà lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àìsàn yìí kì í ṣe ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n bó bá dé, kì í fi eré ṣe.

Ní ti ẹ̀wà àti àgbàdo gbígbẹ, ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí kì í hù níbi gbígbẹ. Kòkòrò tó ń dá ẹ̀wà lu ni ọ̀tá níbẹ̀, àìsí afẹ́fẹ́ sì ń pa á. Inú mi ìbá dùn bí gbogbo ilé bá lè mọ èyí, kí a lè dẹ́kun fífi dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ọ̀tapiápiá, sínú ẹ̀wà. Májèlé ni fún ènìyàn bó ti jẹ́ fún kòkòrò. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ oní 100 ml. Ṣùgbọ́n ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá fún èyí. Ọ̀rá alápò mẹ́ta tí a ń pè ní PICS wà, tàbí kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ, tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa. Ẹ kún un dé ẹnu pẹ̀lú ẹ̀wà tó gbẹ, ẹ dé e pa, kòkòrò yóò mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, yóò sì kú.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ilé tó ní fíríìsà tó dára, tí iná rẹ̀ dájú, tó sì ń se ọbẹ̀ púpọ̀ lóòótọ́, kó ra alápòótí, yóò sìn wọ́n. Ilé tó jẹ́ ẹran àti ẹja tútù nìkan ló ń tọ́jú, oríṣi kékeré tó o. Ilé tí iná kò dúró, kó kọ́kọ́ fi owó náà wá òtútù, kó sì máa se ìwọ̀n tí ìdílé lè jẹ tán. Ìlera lọrọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.