Ọmọ Òrukàn Kò Ṣàìní Agboolé: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ìjọ Kristẹni Ilẹ̀ Èkìtì

Kò sí ìjọ kan tí ó tó ìjọ ní ilẹ̀ Èkìtì yìí, láti Adó títí dé Ìgbẹmọ níbi tí mo ti ń kọ̀wé, tí kì í gbé igbá ọrẹ nítorí àwọn ọmọ òrukàn, pàápàá nígbà tí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí a ó di ìrẹsì àti ọṣẹ sínú àpò, tí a ó kó wọn lọ sí ilé àwọn ọmọ, tí a ó sì ya fọ́tò kí a tó padà sílé. N kò wá láti bu ẹnu àtẹ́ lu àánú. Ohun tí mo wá wí ni pé ọ̀nà tí a ń gbé àánú náà gbà ti wọ́, nítorí pé a ń náwó kọ́ ilé fún ọmọ tí ó ní agboolé, a kò sì fi kọ́bọ̀ ran agboolé náà lọ́wọ́.

Àṣà yìí ti pẹ́. Ní Sàró, láti ọdún 1816, Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní ilé ẹ̀kọ́ kan lórí òkè Leicester fún àwọn ọmọ tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá sì ń san pọ́n-ùn 5 lọ́dún lè fi orúkọ tí ó wù ú sọ ọmọ kan níbẹ̀. Àwa tí a ń wí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, a mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ rà. Ní ìlú yẹn náà ni Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tí ogun kó ní 1821, ti di Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀n. Ìyìn ni fún àwọn tí wọ́n tọ́ ọ, nítorí a mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe sí Bíbélì èdè wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a tọ́ bí ẹni tí kò ní ẹnìkan yìí, Àfàlà ìyá rẹ̀ wà láàyè, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n sì fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ogun ni ó dínà mọ́ wọn. Ta ni ogun dínà mọ́ lónìí, nígbà tí ọkọ̀ ń ti Adó dé Ìgbẹmọ láìpé wákàtí kan?

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́ pé ilé ọmọ kò wúlò rí. Nígbà tí ogun fọ́ Ìjàyè ní 1862, lẹ́yìn tí ìyàn ti gbá ọ̀pọ̀ òbí lọ, àwọn míṣọ́nnárì Bátísí ará Amẹ́ríkà kó àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn, nínú ogun kan náà, Anna Hinderer, míṣọ́nnárì CMS, ń ta ẹrù ilé rẹ̀ kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì Bátísí tí ó dé ní nǹkan bí ọdún 1920, gba àwọn ìkókó tí ìyá wọn kú níbi ìkúnlẹ̀, ní àkókò tí wàrà agolo ṣọ̀wọ́n, tí ìkókó aláìníyàá sì sábà máa ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí ti kúrò nídìí rẹ̀ nílé tiwọn. George Müller tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ọmọ òrukàn ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1836, tí ó tọ́jú ọmọ bí 10,000 kí ó tó kú ní 1898, àwọn arọ́pò rẹ̀ fi àwọn ilé ńláńlá náà sílẹ̀ ní 1958, wọ́n sì pín àwọn ọmọ sí ilé kéékèèké tí ó jọ ilé baba àti ìyá. Ó yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé láti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni owó ṣì ti ń wá kí àwa máa kọ́ irú ilé tí wọ́n ti pa tì. Ẹ tún wo ibi tí irú àánú bẹ́ẹ̀ lè gbé ni dé: ní oṣù kìíní ọdún 2010, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Haiti mì, a mú àwọn Bátísí 10 láti Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń kó ọmọ 33 jáde láìní ìwé àṣẹ. Nígbà tí a wádìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn "òrukàn" náà ní òbí láyé, òṣì ni ó mú kí wọ́n yọ̀ǹda wọn. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2009 sì wí kedere pé òṣì nìkan kò tó ìdí láti gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹnìkan yóò dáhùn pé àwọn ẹbí wa ń fìyà jẹ ọmọ òrukàn, pé ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Mélòó nínú wa ni kò tíì rí ọmọ olóògbé tí ó ń ru omi nígbà tí àwọn ọmọ onílé ń lọ sí ilé ìwé? Síbẹ̀, ẹ wo àbúrò olóògbé, obìnrin tí ó ń gbin ìrẹsì ní Ìgbẹmọ níhìn-ín, tí ó ní ọmọ mẹ́rin, tí ikú wá gbé mẹ́ta kún un ní ọ̀sán kan. Ẹ ní kí ni yóò fi san owó ilé ìwé kí ìkórè tó dé? Ìjọ tí ó lè ra bẹ́ẹ̀dì fún ilé ọmọ lè gbọ́ bùkátà yẹn fún un. Kí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá sì máa yà sí ilé náà lóṣooṣù láìfi ìkìlọ̀ ṣáájú, nítorí kò sí ìyá ìjọ tí kò lè dá ojú ọmọ tí a ń fìyà jẹ mọ̀. Bí ó bá burú, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà tí a lè fi í tó létí.

Ilé ọmọ yóò ṣì máa wà fún ọmọ tí a gbé sọnù, tí a kò mọ ilé baba rẹ̀, àti fún ìkókó tí kò tíì lágbára; irú rẹ̀ ni Ilé Ọmọ Erelú Adébáyọ̀ tí ìjọba ní ní Ìyìn, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú wa. Kí ó jẹ́ ibi ìyàsí ni, kì í ṣe ibi tí ọmọ Èkìtì yóò ti dàgbà láì gbọ́ oríkì rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin bíṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin àlùfáà, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà, ẹ dẹ́kun títẹ ojú àwọn ọmọ wọ̀nyí sínú ìwé ìtọrọ owó. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ yín tí ń bọ̀, ẹ béèrè iye ọmọ tí ó wà nínú ilé tí ẹ ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún, àti iye tí ó ní ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá láyé nínú wọn, kí ẹ sì ka iye náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ kí a tó tún gbé igbá ọrẹ mìíràn.