Fíltà Wọ́n Lóòótọ́, Ṣùgbọ́n Ẹ́ńjìnnì Wọ́n Jù Ú Lọ

  

Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá tí n kò lè gbé mì. À ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ọjà, ọ̀rọ̀ wá kan ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ní iye tí wọ́n pe éà fíltà fún òun ti pọ̀ jù, pé òun kúkú ti yọ ọ́ dànù, ọkọ̀ òun sì ń sá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn ní pẹtiróòlù lòun fi ń fọ tòun. Ẹnì kẹta ní kò sí ohun tí afẹ́fẹ́ fọ́kánáísà kò lè ṣe, pé kí a gbé e lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n fẹ́ ẹ dáadáa. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí pé àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Lónìí mo fẹ́ fèsì, ẹ má sì bínú sí mi. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ yẹn, ọ̀nà àtisọ owó nù ni. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, n kò sì ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Abọ́ àti ike ni mo ń tà ní Sabon Gari, ó ti lé ní ọdún 27 tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí. Sienna ni mo fi ń kó ọjà. Ẹ rántí pé kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi 460 náírà lọ ní báńkì. Nígbà tí oṣù kejì 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,500. Gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá ló gbówó lórí. Fíltà tí mo ń rà ní 3,000 tẹ́lẹ̀, 12,000 ni wọ́n pè é fún mi nígbà tí ọyẹ́ ìparí 2024 ń wọlé bọ̀. Inú bí mi. Ọmọ tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ ná. Tówó bá dé, ká rà á." Mo gbà.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi wa ọkọ̀ yẹn láìsí fíltà, gbogbo ìgbà ọyẹ́ pátá. Lóòótọ́, ó kọ́kọ́ ń sá. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, mò ń rọ òmíràn kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù sì ń jáde nídìí ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, ríǹgì ti jẹ, inú ibi tí písítìnnì ti ń lọ sókè sódò ti há bí ẹni fi sáńpépà ha á. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí mo rà, pẹ̀lú owó iṣẹ́, 850,000 ló kó lọ. Owó ilé ìwé ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì wà nínú rẹ̀. N kò rí owó san lásìkò, kò sì lè ṣe ìdánwò sáà yẹn. Títí di òní, tó bá pè mí lórí fóònù, ojú máa ń tì mí. Ẹ wo èrè 12,000 tí mo ní mò ń ṣọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí, kí ẹlòmíràn má bàa san irú owó yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí fíltà ń ṣe. Asẹ́ ni, bí èyí tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì. Epo nìkan kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ, ó ń jẹ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Kí lítà pẹtiróòlù kan tó jó tán, ẹ́ńjìnnì á ti fa afẹ́fẹ́ tó bíi lítà 9,000. Ẹni tó bá rọ lítà 20 láàárọ̀, ẹ bá mi ṣírò iye afẹ́fẹ́ tó máa gba ibẹ̀ kọjá kó tó di alẹ́. Irú afẹ́fẹ́ wo la wá ní níbí? Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ọyẹ́ máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ìhà Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Òun làwọn onílé wa ń pè ní hazo. Ẹ fi aṣọ funfun sá síta ní Kánò ní oṣù kìíní, kí ẹ wo àwọ̀ tó máa ní nírọ̀lẹ́. Yanrìn kíkúnná wà nínú eruku yẹn, yanrìn sì le ju irin lọ. Tó bá bá ọ́ìlì pàdé nínú ẹ́ńjìnnì, ó di ohun tí wọ́n fi ń lọ irin. Ẹni tó bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè ṣe àṣìṣe yìí kó pẹ́ díẹ̀ kó tó jìyà. Àwa tí a wà lókè níbí, kì í pẹ́ rárá.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi tó yọ tirẹ̀ dànù, mo dọ̀bálẹ̀ o. Òótọ́ lẹ sọ pé ọkọ̀ yín ń sá jù. Ìyẹn ni pé èyí tí ẹ yọ ti dí, òmíràn ló ń fẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn kan á ní àwọn onítakisí ń yọ ọ́, ọkọ̀ wọn kò sì kú. Eruku kì í pa ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ lọ dúró sí gáréèjì láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta ọkọ̀ jí, kí ẹ ka iye tó ń tú èéfín búlúù. Ẹ padà wá sọ iye rẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi pẹtiróòlù tàbí omi ọṣẹ fọ ọ́, mo mọ ibi tí ẹ ti kọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ọ̀kadà wà tó jẹ́ pé fóòmù ni fíltà wọn. Ìyẹn ṣe é fọ̀. A ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó sá a kó gbẹ dáadáa, a ó fi ọ́ìlì díẹ̀ kàn án, a ó fún un, a ó dá a padà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, pépà ni. Tí pépà bá mu omi, ó máa wú, ihò tó fi ń sẹ́ eruku á là sí i tàbí kó dí pa, gọ́ọ̀mù tó dè é mọ́ rọ́bà etí rẹ̀ á sì tú. Ó lè mọ́ lójú, kó má sì wúlò mọ́. Pẹtiróòlù ní tirẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó ń ba gọ́ọ̀mù jẹ́, iná wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ilé àti ọmọ ta tẹ́tẹ́ nítorí fíltà.

Ó wá ku àwọn tó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà. Afẹ́fẹ́ tó ń wú táyà le jù fún pépà yẹn. Ó ń dá ihò tín-ín-tìn-tín sí i lára tí ojú kò ní tètè rí. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Fíltà tó ti ní eruku díẹ̀ lára ń sẹ́ eruku dáadáa ju èyí tó mọ́ tónítóní lọ, nítorí pé eruku tó ti lẹ̀ mọ́ ọn ń bá a dí ọ̀nà mọ́ eruku tó ń bọ̀. Ẹni tó ń fẹ́ ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì ń sanwó sí i. Tó bá di dandan, ẹ yọ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ kí eruku tó kó jọ já bọ́, ẹ má fi na ilẹ̀. Kó tán síbẹ̀.

N kò ní fi àwọn mẹkáníìkì sílẹ̀ o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, "Fíltà yín ti dọ̀tí, òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa mu epo," ẹ gbọ́dọ̀ rà á lójú ẹsẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin fi hàn mí lórí fóònù pé ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà ti dán èyí wò ní 2009. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún, fíltà tó dí kò mú kó mu epo ju bó ṣe yẹ lọ ní ọ̀nà kan tó ṣe pàtàkì. Agbára tó fi ń sáré ló ń dín kù. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kabúrétọ̀ lọ̀rọ̀ epo yẹn kàn jù. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rù epo ta fíltà fún yín lóṣooṣù. Ẹ wo ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá, iye kílómítà wà níbẹ̀. Ó sábà máa ń sọ pé níbi tí eruku bá pọ̀, kí a tètè máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé kí a wá máa ra ti 12,000 ni? Rárá o! Ibí lèmi àti àwọn tó ń pariwo "orijíná" kò ti lè gbọ́ra. Páálí ni ẹ̀ ń ra orúkọ rẹ̀. Ayédèrú tó wọ páálí ẹlẹ́wà kún ọjà, owó orijíná ni wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀. Èyí tí mò ń lò báyìí kò lórúkọ ńlá kankan, 4,500 ni mo rà á ní Kofar Ruwa, ọ̀nà tí mo sì gbà yàn án nìyí.

Mo mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, mo gbé méjèèjì lé ara wọn, gígùn, ìbú àti gíga wọn bára mu. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ gé etí rẹ̀ kó lè wọlé, ẹ sá fún un. Mo tẹ rọ́bà etí rẹ̀ yípo, ó rọ̀, kò sì já níbì kankan. Mo gbé pépà rẹ̀ sójú iná tọ́ọ̀ṣì láti wò bóyá ojú ihò kan á tàn yàtọ̀, n kò rí ọ̀kankan. Mo wo bó ṣe ká pépà náà, ó dọ́gba, wọn kò lẹ̀ mọ́ra. Ó tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ṣí i, mo fi áńkáṣíìfù funfun nu inú rọ́bà tó wà lẹ́yìn fíltà, níhà ẹ́ńjìnnì. Ó mọ́. Tó bá jẹ́ pé mo bá eruku níbẹ̀ ni, iye yòówù kí wọ́n ta fíltà náà, kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ fi áńkáṣíìfù yín dán tiyín wò lọ́la, kí ẹ tó bá mi jiyàn.

Ẹ má sì ra tòkunbọ̀ fíltà. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ṣe é rà, asẹ́ tòkunbọ̀ kò ṣe é rà. Ìdọ̀tí ilé onílé lẹ̀ ń ra. Oríṣi kan wà tí wọ́n fi òwú ṣe, tó ṣeé fọ̀ kí a fi ọ́ìlì rẹ̀ pa á lára. Òun náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó mẹ̀kúnnù, bí ọ́ìlì bá sì pọ̀ jù lára rẹ̀, ó lè ba ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹgbẹ́ wa ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. A jẹ́ oníṣòwò. Kò sẹ́ni nínú wa tí kò mọ̀ pé owó tí wọ́n ń ta ẹyọ kan kọ́ ni wọ́n ń ta páálí. Tí a bá fẹ́ ra aṣọ ẹbí, a máa ń dáwó jọ. Kí ló dé tí oníkálukú wa ń dá lọ ra fíltà ẹyọ kan ní iye tí wọ́n bá pè é? Sienna, Corolla, Camry àti Gọ́ọ̀fù ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wa. Kí akọ̀wé wa kọ orúkọ ọkọ̀ kálukú àti ọdún rẹ̀ sílẹ̀. Kí a rán ẹni méjì tó mọ ọjà lọ sí Kofar Ruwa, tàbí kí a rán sí àwọn èèyàn wa ní Ládípọ̀ l'Ékòó, kí wọ́n ra páálí wá. Ọyẹ́ tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ bá wa láìmúra. Èmi á fi 10,000 sílẹ̀ níbi ìpàdé tó ń bọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá ka èyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má wa ọkọ̀ yẹn lọ sílé báyìí. Láti Kánò dé Tegina, ká tó kan Jẹ́bbà, ibi tó dá pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ kò sì ní fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ yín lọ́wọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ti 4,500 kan wà níbẹ̀ tó bá ọkọ̀ yín mu, n kò ní gba owó lọ́wọ́ yín.

Ire o. Ẹni tó bá ní ohun tó yàtọ̀ láti sọ, kó sọ ọ́ síbí, ká gbọ́.